Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Wo Gíláàsì: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Mùsíọ̀mù Kékeré

Mùsíọ̀mù ńlá máa ń rẹ èèyàn kó tó rìn dé ìdajì rẹ̀. Ti kékeré kì í rẹni, ṣùgbọ́n ewu tiẹ̀ yàtọ̀. Gbọ̀ngàn méjì tàbí mẹ́ta, iṣẹ́ bí ogójì. Èèyàn á rìn yíká, á ní "ó mà dára o," á sì ti bọ́ síta kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Bó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà gíláàsì òde òní ni wọ́n kó síbẹ̀, ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan. Àwòrán ara ògiri lè dúró de ojú yín lójú kan. Gíláàsì kì í dúró. Ẹ sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Ẹ lóṣòó, ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á yọjú láti inú. Kí ìkùukùu bo oòrùn lóde, iṣẹ́ náà á di òmíràn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó, ojú kàn ń tẹ̀lé e ni.

Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ọnà níbì kankan rí ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó kàn fẹ́ lọ, tó sì fẹ́ kí ìlọ náà tó ìlọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ìkànnì, ẹ wò ó náà, ṣùgbọ́n ilé kékeré kì í ní òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tó yẹ kó tún ọ̀rọ̀ orí ìkànnì ṣe lè wà lórí àkàbà níbi tó ti ń so iná mọ́ àjà.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: ṣé gbogbo gbọ̀ngàn ló ṣí? Ilé kékeré kò ní àyè tí yóò fi àfihàn kan sí nígbà tí wọ́n bá ń to òmíràn. Tí wọ́n bá ń pààrọ̀ iṣẹ́, wọ́n lè ti ìdajì ilé, wọ́n sì lè ti gbogbo rẹ̀ pátá, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ti gíláàsì tún máa ń pẹ́, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú u jáde nínú àpótí, wọ́n á yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò bóyá ó ti sán níbì kan, kí wọ́n tó gbé e lé orí ìdúró, ìyẹn pèpéle tí iṣẹ́ ń wà lórí rẹ̀. Ẹ tún béèrè ọjọ́ tí wọ́n kì í ṣí (ọjọ́ Ajé ni ti ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù káàkiri ayé) àti aago tí wọ́n kì í gba ẹnikẹ́ni wọlé mọ́. Àwọn kan á ti dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan kí wọ́n tilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ wọn ti ń wá. Lójú tèmi, ìdáhùn sí èyí ló yẹ kó pinnu aago tí ẹ máa dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ iná mànàmáná nìkan ni wọ́n ń lò, gbogbo aago dọ́gba. Ṣùgbọ́n tí fèrèsé ńlá bá wà, tàbí tí òrùlé bá ní ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ilé tó gbajúmọ̀ fún gíláàsì kì í fi èyí ṣeré: nígbà tí Corning Museum of Glass ní ìpínlẹ̀ New York ṣí ẹ̀ka tuntun rẹ̀ fún iṣẹ́ òde òní ní 2015, láti òrùlé ni wọ́n jẹ́ kí oòrùn ti máa wọlé, ní mùsíọ̀mù Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ilé tí wọ́n kọ́ fún àkójọ gíláàsì wọn ní 2006, gíláàsì ni ògiri rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ilé tí oòrùn ń wọ̀, òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí oòrùn bá wà nísàlẹ̀, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìgbà yẹn ni òjìji aláwọ̀ máa ń gùn lórí ilẹ̀. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú náà kì í ṣe òfò. Gíláàsì tó nípọn máa ń fi inú rẹ̀ hàn dáadáa nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé kò ní tan ìmọ́lẹ̀ padà sí yín lójú.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ìléru. Àwọn ilé kan ní ibi iṣẹ́ tí ẹ ti lè jókòó wo àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì, ìyẹn àwọn tó ń fi páìpù fẹ́ atẹ́gùn sínú gíláàsì tó ti yọ́. Glasmuseet ní Ebeltoft, ìlú kékeré kan ní Denmark, tó ṣí ní 1986, ní irú rẹ̀. Museum of Glass ní Tacoma, ní Amẹ́ríkà, tó ṣí ní 2002, to ìjókòó yí ìléru tiwọn ká nísàlẹ̀ òrùlé irin kan tó ga tó nǹkan bíi mítà 27. Bí ẹ bá ti mọ aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìdajì wákàtí ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ máa mú ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn dání, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù yẹn kan náà. Bàtà pẹlẹbẹ tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Aṣọ tó ṣú ni kí ẹ mú, màá sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé orí fọ́tò.

Lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ fi báàgì sílẹ̀, kódà bí wọn ò bá sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Báàgì ẹ̀yìn ni ọ̀tá gíláàsì, torí pé ẹni tó gbé e kọ́ kò mọ ibi tí ẹ̀yìn òun parí sí mọ́. Ó yí padà kó lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, báàgì ti gba ohun tó wà lórí ìdúró. Bí wọn ò bá ní ibi tí wọ́n ń kó o sí, ẹ gbé e kọ́ àyà. Agboòrùn, ìgò omi àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ya ara ẹni ní fọ́tò, ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀ síbẹ̀. Aṣọ tó bá ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká a mọ́ra. Tí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú, ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù kì í fẹ́ rí bírò nínú gbọ̀ngàn.

Ẹ bi ẹni tó jókòó sídìí tábìlì bóyá wọ́n gbà kí àlejò ya fọ́tò, àti bóyá amọ̀nà máa mú àwọn èèyàn yíká lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù níbẹ̀. Nílé kékeré, ẹni yẹn ti wo àwọn iṣẹ́ náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, nígbà òjò. Ó lè sọ fún yín pé, "Ẹ dúró sí kọ̀rọ̀ òsì yẹn, kí ẹ wá wo aláwọ̀ aró tó wà láàárín." Kò sí pátákó kankan tí wọ́n máa kọ èyí sí.

Ìrìn àkọ́kọ́: ẹ má ka nǹkan kan

Ẹ rin gbogbo ilé já lẹ́ẹ̀kan, láìka pátákó, láìyọ fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kò sí ohun tí ẹ ń wá ju iṣẹ́ tó dá yín dúró lọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ka pátákó, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ojú yín máa wá kiri, ohun tí wọn ò kọ á sì fò yín ru.

Ẹ yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò sí ìtìjú nínú kó jẹ́ pé èyí tó ń dán jù lọ ló kọ́kọ́ fà yín. Gíláàsì mọ bí wọ́n ti ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nínú èyí tí ẹ máa yàn jẹ́ èyí tí kò wù yín, tàbí èyí tó dà bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Irú wọn ló sábà máa ń gba àkókò kó tó sọ̀rọ̀.

Ìrìn kejì: ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ padà sí àwọn tí ẹ yàn, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú ohun kan ṣoṣo gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ìjókòó bá wà, ẹ jókòó.

Kí ẹ tó wo iṣẹ́ náà, ẹ wá iná rẹ̀. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo inú ìdúró rẹ̀ bóyá wọ́n fi iná síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gíláàsì lójú tó sì ta padà kì í fi ohun kan náà hàn pẹ̀lú èyí tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún èyí kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ òde òní: ife àwọn ará Róòmù kan wà ní British Museum ní London, Lycurgus Cup ni wọ́n ń pè é, ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n ṣe é. Bí iná bá wà níwájú rẹ̀, àwọ̀ ewé ló ń yọ. Bí iná bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á pọ́n fòò. Wúrà àti fàdákà tó kúnná débi pé ojú lásán ò lè rí i ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ lónìí mọ̀ nípa ọ̀nà méjèèjì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yìí, ẹni tó sì to àfihàn ti yan èyí tó fẹ́ kí ẹ rí. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ tí kò yàn ló dára jù.

Lẹ́yìn iná, ẹ rìn. Ẹ dúró lókèèrè ná, kí ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Ẹ wá máa yí i ká díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹjú mọ́ àwọ̀ kan ṣoṣo: níbo ló ti ṣú jù, níbo ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́? Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tọkọtaya ará Czech nì, Stanislav Libenský àti Jaroslava Brychtová, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ títí ọkọ fi kú ní 2002, ẹ máa rí ohun tí mò ń sọ. Ọkọ ló ń yàwòrán, ìyàwó ló ń fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n á wá yọ́ gíláàsì sínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tó ń fún gíláàsì ní ìrísí. Gíláàsì aláwọ̀ kan náà ni, àmọ́ ibi tó nípọn ṣú, ibi tó fẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó ṣe nípọn sí níbì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi kun ún.

Ẹ lóṣòó. Kí ojú yín bá àárín iṣẹ́ náà dọ́gba, kí ó sì tún lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ńlá tí Roni Horn fi gíláàsì ṣe wà nílẹ̀ bẹẹrẹ. Ẹni tó bá dúró ti ọ̀kan tó sì wò ó láti òkè á búra pé omi ni wọ́n rọ kún inú rẹ̀, torí ojú òkè rẹ̀ dán, ó sì mọ́ gaara. Ẹni tó bá sún sẹ́yìn tó sì lóṣòó á rí ara ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣì ní àpá mọ́ọ̀dù, tí kò dán rárá. Gíláàsì ni látòkè délẹ̀. Karen LaMonte ní tiẹ̀ ń fi gíláàsì ṣe aṣọ obìnrin tí kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dúró síwájú nìkan á rí ìṣẹ́po aṣọ. Ẹni tó bá wo inú rẹ̀ á rí àpá ara èèyàn, ìdodo àti egungun ìhà, lára gíláàsì láti inú.

Nígbà tí ẹ bá ti wo iṣẹ́ tán, ẹ wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òjìji gíláàsì kì í dúdú. Ó ní àwọ̀, ó ní ìlà ìmọ́lẹ̀ tó ń yí pọ̀, nígbà míì ó sì lẹ́wà ju ohun tó bí i lọ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán gíláàsì ka òjìji mọ́ iṣẹ́ wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Iyanrìn, sódà àti òkúta ẹfun ni ìpìlẹ̀ gíláàsì tó wọ́pọ̀ jù. Iná ni ìyókù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fi iná sí i ló máa ń fi àpá sílẹ̀, ẹ sì lè ka àpá yìí láìbi ẹnikẹ́ni.

Èyí tí wọ́n fẹ́ máa ń ní ihò nínú, ara rẹ̀ máa ń rí rọ̀bọ̀tọ̀, kì í sì í nípọn púpọ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀ bí ààyè bá wà. Bí ẹ bá rí ojú kékeré kan tó rí ṣákaṣàka, tàbí tí wọ́n ti yọ́ kí ó lè jọ̀lọ̀, ibẹ̀ ni irin tí wọ́n fi mú un dání wà nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹnu rẹ̀. Tí ìlà aláwọ̀ tín-ín-rín bá lọ́ yí ara rẹ̀ ká láìjá, ọ̀pá gíláàsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fà, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì tò kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ Murano nìyẹn, erékùṣù kan ní Ítálì tí ìjọba Venice ní kí àwọn ìléru gíláàsì kó lọ ní 1291. Lino Tagliapietra, ọmọ Murano tí wọ́n bí ní 1934, wà lára àwọn tó gbé ìmọ̀ yìí dé Amẹ́ríkà nígbà tó lọ kọ́ni ní Pilchuck, ilé ẹ̀kọ́ gíláàsì kan ní ìpínlẹ̀ Washington, ní 1979.

Èyí tí wọ́n yọ́ sínú mọ́ọ̀dù máa ń nípọn, ó máa ń wúwo lójú. Ẹ wá afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó tó há sínú rẹ̀. Àwọn kan á pè é ní àbùkù. Nínú iṣẹ́ òde òní, ó sábà jẹ́ pé oníṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, torí afẹ́fẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ojú mọ bí inú ṣe jìn tó. Nígbà tí ẹ bá rí gíláàsì tó nípọn tó apá, ẹ rántí pé ìtutù rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀, ó sì lè gba oṣù. Tí ara òde bá tutù ṣíwájú inú, gbogbo rẹ̀ á là.

Èyí tí wọ́n fi iná ẹnu páìpù kékeré ṣe máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń kún fún nǹkan wẹ́wẹ́: ewé, ẹsẹ̀ kòkòrò, irun. Leopold Blaschka àti ọmọ rẹ̀ Rudolf ṣe òdòdó gíláàsì bẹ́ẹ̀ fún Yunifásítì Harvard láti 1887 títí di 1936, títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń rò pé òdòdó gidi ni. Èyí tí wọ́n tò pẹlẹbẹ sínú ààrò tí wọ́n wá jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra máa ń rí bí abọ́ tàbí pátákó, ẹ sì lè ka ìpele rẹ̀ láti etí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń gbẹ́ gíláàsì lẹ́yìn tó bá ti tutù. Preston Singletary, ọmọ Tlingit, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà, máa ń fẹ́ gíláàsì tó ní àwọ̀ lórí àwọ̀, á wá fi iyanrìn tí ẹ̀rọ ń tu jáde gbẹ́ ti òkè kúrò, kí ọnà àwọn èèyàn rẹ̀ lè yọ láti abẹ́. Ibi tí iyanrìn bá bá kì í dán mọ́.

Ti àwọ̀, ní kúkúrú: cobalt, irú mẹ́táàlì kan, ló ń mú àwọ̀ aró tó jinlẹ̀ wá, wúrà ló ń mú pupa tó rí bíi tàwọn òkúta iyebíye wá, irin ló ń mú àwọ̀ ewé wá. Ẹ wo etí gíláàsì tí wọ́n fi ṣe àpótí tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ ewé, irin tó wà nínú iyanrìn ni.

Wàyí o, ẹ ka pátákó

Orúkọ àti ọdún ló máa ń wà lókè, ṣùgbọ́n ìlà tó sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é àti bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, blown ni èyí tí wọ́n fẹ́, cast ni ti mọ́ọ̀dù, flameworked ni ti iná kékeré, kiln-formed ni ti ààrò. Ẹ fi wé ohun tí ẹ̀yin ti sọ kí ẹ tó kà á. Bí ẹ bá gbà á, ó dùn. Bí ẹ ò bá gbà á, ẹ tún wò ó, ìyẹn tún dùn jù.

Ọdún náà ní ohun tó ń sọ. Ilé iṣẹ́ ńlá ni ọ̀pọ̀ gíláàsì ti ń jáde tẹ́lẹ̀, ẹni tó yàwòrán rẹ̀ kì í sábà fọwọ́ kan iná. Ní 1962, Harvey Littleton, olùkọ́ iṣẹ́ amọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, pe àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sínú gáréèjì kan lórí ilẹ̀ mùsíọ̀mù Toledo láti wò ó bóyá èèyàn kan lè yọ́ gíláàsì, kó sì fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ nínú ìléru kékeré. Gíláàsì àkọ́kọ́ kò yọ́ dáadáa. Dominick Labino, tó mọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ gíláàsì, ló gbé èyí tó ṣeé yọ́ wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń wò nínú gbọ̀ngàn yẹn ti ṣẹ̀ wá.

Orúkọ kan lè wà lórí pátákó, kí ọwọ́ mẹ́wàá sì wà nídìí iṣẹ́. Dale Chihuly, tó wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ Pilchuck sílẹ̀ ní 1971, pàdánù ojú òsì rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1976, ó sì fi èjìká ṣèṣe ní 1979. Láti ìgbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń fẹ́ gíláàsì, òun ń yàwòrán, ó sì ń darí wọn. Àwọn kan ń bínú sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ràn pátákó tó bá kọ orúkọ àwọn tó mú irin dání.

Ọwọ́, ẹ̀yìn, àti ọmọdé

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òróró ara èèyàn ń fi àpá sílẹ̀, pàápàá lára gíláàsì tí kò dán, gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá sì gbé e láti nù ún ló lè já bọ́. Ẹ má fara ti ìdúró. Kí ẹ tó sún sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ yí orí padà wo ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ya fọ́tò ni èyí kàn jù.

Bí nǹkan bá já tàbí tó fọ́, ẹ má ṣà á. Ẹ dúró lójú kan, kí ẹ pe ẹ̀ṣọ́. Ó lè gé yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tún iṣẹ́ ṣe nílò gbogbo ẹ̀rún rẹ̀ níbi tó bọ́ sí.

Ẹ mú ọmọdé dání, ẹ má bẹ̀rù. Ìṣòro wọn ni pé ọwọ́ wọn ṣófo. Ẹ fún wọn ní pẹ́ńsùlù àti bébà kí wọ́n ya èyí tó wù wọ́n, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n wá òjìji tó ní àwọ̀ méjì. Ojú wọn ti wà nísàlẹ̀ níbi tí àgbàlagbà ní láti lóṣòó kó tó dé, torí náà wọ́n sábà máa ń rí nǹkan ṣáájú yín. Ní Tacoma, wọ́n tilẹ̀ máa ń yan lára àwòrán tí àwọn ọmọdé yà, àwọn afẹ́gíláàsì á sì fi gíláàsì ṣe é.

Fọ́tò

Ó di ìgbà tí ẹ bá ti wò ó tán. Ẹ pa iná fóònù. Kò ní fi nǹkan kan hàn ju àmì funfun kan lójú gíláàsì lọ, á sì dí àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá wà nínú àpótí, ẹ gbé ojú kámẹ́rà sún mọ́ àpótí náà láìjẹ́ kó kàn án, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aṣọ dúdú tí mo ní kí ẹ wọ̀, ibí ló ti wúlò: aṣọ funfun ló máa ń yọ lójú àpótí, á wá jọ pé ẹ̀yin náà wà nínú iṣẹ́. Ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù kí ó lè dín ìmọ́lẹ̀ kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ á ṣì. Bí wọ́n bá gba fídíò láàyè, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá rìn yí i ká. Èyí ló sún mọ́ ohun tí ẹ rí jù lọ. Ẹ ya pátákó náà pẹ̀lú, kí ẹ má bàa padà délé láìmọ ẹni tó ṣe kí ni.

Bí ìléru bá ń jó

Ooru inú ìléru máa ń lé ní digiri 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìjókòó iwájú sì máa ń gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ jókòó sí àárín.

Oníṣẹ́ á ti páìpù irin bọ inú ìkòkò, á yí i, gíláàsì á fà jáde bí oyin. Láti ìgbà yẹn kò gbọ́dọ̀ dẹ́kun yíyí i, bí ó bá dẹ́kun, yóò ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ máa wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń yí irin, kì í ṣe gíláàsì nìkan. Ẹ máa wo olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ náà, ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nígbà tí ọ̀gá jókòó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kì í pẹ́ dé níbi tí ẹnì kejì ti ń retí rẹ̀.

Bó ti wù kó rí, ẹ má dìde kí wọ́n tó gbé e láti orí irin kan sí orí irin kejì. Wọ́n á fi irin kejì lẹ ìdí rẹ̀, wọ́n á lu ti àkọ́kọ́ pẹ́ẹ́, iṣẹ́ wákàtí kan á sì rọ̀ mọ́ ibi tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Ibẹ̀ ló ti sábà ń já bọ́ sílẹ̀. Ẹ má béèrè ìbéèrè lásìkò yẹn. Bó bá bọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí kò bá bọ́, inú ààrò ló ń lọ, ní nǹkan bíi digiri 500, kí ó lè máa tutù díẹ̀díẹ̀ dọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, kò sí bí ẹ ṣe lè mú èyí tí ẹ wò lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ má béèrè.

Láti ibẹ̀, ẹ padà sínú gbọ̀ngàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí ẹ ti gbójú fò tẹ́lẹ̀ torí pé ó jọ ìgò lásán lè dá yín dúró báyìí.

Ìsọ̀ wọn

Ilé kékeré ń gbé lórí owó tó ń ti ìsọ̀ wá, nítorí náà bí ẹ bá ní agbára, ẹ ra nǹkan níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún ife tàbí abọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe é fún jíjẹ àti mímu, torí àwọn àwọ̀ kan ní òjé tàbí cadmium nínú, májèlé sì ni méjèèjì, ọ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n wà fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bébà di inú rẹ̀ kí wọ́n tó di ìta. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ọdún, àti ọ̀nà tó gbà ṣe é sẹ́yìn rìsíìtì.